Ìmọ́lẹ̀ Tó Pọ̀ Jù Lójú Sàídátù

Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ ọ̀rọ̀ fótò. Obìnrin aránṣọ ni mí, abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo mọ̀, ṣùgbọ́n ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti sítúdíò Abdulkabir ní Agége, ògiri náà kò sì nípọn. Ohun tó bá sọ lọ́hùn-ún, mo máa ń gbọ́ ọ níbi tí mo jókòó sí. Bí èmi náà bá ń bá oníbàárà jà lórí aṣọ tí kò tíì parí, òun náà ń gbọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ Ọ̀yọ́ lèmi, mo sì fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, èmi ń pè é ní Kábírù, mo sì máa ń bú u nígbà tó bá yẹ.

Nígbà tí ayé ṣì gún régé, ẹnu ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́ ní Oregun àti Ìlúpéjú ló ti ń jẹun. Òun ló ń ya fótò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ káàdì àwọn òṣìṣẹ́. Á tò wọ́n síwájú ògiri, wọn á ṣí fìlà, á ní kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, ó parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń yọ jáde nínú fótò Kábírù bí òkú tí wọ́n gbé dìde, gbogbo wọn ló ń jọ èèyàn. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ náà ra kámẹ́rà tiwọn, wọ́n gbé e fún akọ̀wé inú ọ́fíìsì, ìpè sì dáwọ́ dúró.

Àṣà ọwọ́ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín, torí òun ló bí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Fíìmù tó ń dé ọwọ́ àwọn ayàwòrán àdúgbò wa nígbà náà kì í ṣe tuntun. Èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ ni wọ́n ń rí rà, ooru inú ṣọ́ọ̀bù á tún jẹ lára agbára rẹ̀. Bí wọ́n bá fún irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó yẹ, fótò á jáde dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn oníbàárà bú Kábírù lórí rẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Láti ìgbà náà, ohun yòówù tí ẹ̀rọ kékeré tó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ bá sọ fún un, ìlọ́po méjì rẹ̀ ló ń fún fíìmù, nígbà mìíràn ìlọ́po mẹ́rin. Ó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé kì í rò ó mọ́ kó tó ṣe é.

Kò sì sí ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí etí mi fi kún. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù fún fíìmù, fíìmù á kàn ki ni. Ojú ẹni tí wọ́n yà kò lọ síbì kankan, inú kíki yẹn ló sá pamọ́ sí. Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ló máa ní sùúrù, á fa ojú náà jáde díẹ̀díẹ̀ títí á fi pé. Kábírù gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ bó ṣe gba ìrun gbọ́. Lójú tiẹ̀, òkùnkùn nìkan ló lè pa ojú èèyàn rẹ́, ìmọ́lẹ̀ kò lè pa á rẹ́ láéláé.

Sàídátù ìyàwó rẹ̀ kò ní fótò. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ìyàwó ayàwòrán. Àwọn fótò ìgbéyàwó wọn, àgbàrá wọlé lọ́dún kan, ó kó wọn lọ pẹ̀lú tìmùtìmù. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé kámẹ́rà tàbí fóònù sókè, Sàídátù á fi àtẹ́lẹwọ́ bojú. Kì í ṣe ẹ̀sìn ló ń dá a dúró, ìtìjú ni, ó sì ti di àwàdà láàárín tọkọtaya. Kaothar, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn, ní fótò ìyá rẹ̀ rẹpẹtẹ nínú fóònù. Ìyá ń fọ abọ́, ẹ̀yìn ló kọ sí wa. Ìyá jókòó lọ́jọ́ Iléyá, àtẹ́lẹwọ́ la rí. Bí ọkọ rẹ̀ bá bẹ̀ ẹ́, á ní kó lọ máa ya àwọn tó ń sanwó.

Ìjà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láàárín wọn ni ìjà fíríìjì. Kábírù ń kó fíìmù síbẹ̀ kí ooru má bàa jẹ ẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, Sàídátù á sì ní òun máa se fíìmù mọ́ ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ kan, kí oníkálukú jẹ ìpín tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù ní Ìkẹjà kógbá sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ló kù nínú fíríìjì náà. Kò lò ó, kò sì jù ú nù.

Àìsàn kíndìnrín ló dá Sàídátù dùbúlẹ̀. Ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó wá ń bojú nínú ilé ara rẹ̀. Oṣù yẹn náà la gbọ́ pé Kaothar ti lóyún. Lọ́jọ́ kan, Sàídátù wọlé tọ̀ mí wá, mo rí i pé wíwú náà ti rọlẹ̀, ojú rẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà. Ó ní kí n rán híjáàbù funfun kan fún òun, òun fẹ́ kí Kábírù ya òun. Mo rò pé mo ṣì í gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tó ń bọ̀ yẹn á fẹ́ mọ ojú mi," ló wí. "Mi ò mọ̀ bóyá èmi máa rí tiẹ̀."

Mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́. Mo fi ìbínú sọ ọ́, mo fa téèpù jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn orí rẹ̀.

Ó ní òun ò fẹ́ aṣọ aláriwo. Mo wá fi òwú funfun ṣe ọnà sí etí híjáàbù náà, ewé wẹ́wẹ́ tó yí ojú ká, tó sì sọ̀ kalẹ̀ dé àyà. Funfun lórí funfun ni. Ẹni tó bá jìnnà kò lè mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, àfi ẹni tó bá súnmọ́ ọn. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ti ṣe rí nìyẹn, mi ò ní purọ́ ìrẹ̀lẹ̀ fún yín.

Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ Sátidé, ó jókòó sórí àga nínú àgbàlá wa. Kámẹ́rà tuntun tí Kaothar àti ọkọ rẹ̀ rà fún Kábírù ti wà nílẹ̀, èyí tí kì í lo fíìmù. Fótò páásípọ́ọ̀tù ló ń fi í yà nínú sítúdíò. Ọkọ Kaothar ti yí i síbi tí ẹ̀rọ náà ti ń wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, Kábírù kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni, kò sì sẹ́ni tó ráhùn. Mo bi í bóyá fíìmù inú fíríìjì ló máa lò. Sàídátù ló ní rárá, pé kó lo ti tuntun, kí Kaothar lè tètè rí i lórí fóònù.

Kábírù gbé e sójú, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ó yí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo bèèrè ohun tó ń ṣe. Ó ní àwọn oní-páásípọ́ọ̀tù ni òun ń jẹ́ kí ẹ̀rọ bá òun wọn ìmọ́lẹ̀ fún. Ìyàwó òun rèé, òun kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ yan ìmọ́lẹ̀ tó máa bọ́ sí i lójú. Ó wọn ìmọ́lẹ̀ náà fúnra rẹ̀ bó ṣe ń ṣe láti kékeré, ọwọ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, bí ọwọ́ náà ṣe máa ń ṣe.

Pupa ni Sàídátù, ó ti fi òróró díẹ̀ pa ojú, oòrùn sì dé sí i lára. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ìṣe rẹ̀, ó rántí, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sórí itan. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ obìnrin yìí láti ọjọ́ tó wọ ilé Kábírù, n kò rí i kó rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí láìfọwọ́ bò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Kábírù tẹ̀ ẹ́, ó ní ó tó, torí ayàwòrán fíìmù kì í fi fótò ṣòfò.

Kò wo ẹ̀yìn kámẹ́rà náà, níbi tí fótò ti máa ń hàn. Kí ló fẹ́ wò? Láyé fíìmù, wọn kì í wo nǹkan kan títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Wọ́n ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé igi wà níbẹ̀ ńkọ́? Ó ní tó bá di ọjọ́ Ajé, òun á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ fótò jáde ní Allen, wọn á fi ránṣẹ́ sí Kaothar láti ibẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ara Sàídátù yí padà. Ọjọ́ Ajé bá wọn ní ilé ìwòsàn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ wálé. Mo wà lára àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bu omi sí i lójú. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín, oòrùn ò tíì wọ̀. Kò sẹ́ni tó ya fótò níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rò ó, torí gbogbo wa la mọ̀ pé fótò rẹ̀ wà nínú kámẹ́rà ọkọ rẹ̀.

Ìgbà tí Kaothar bí ọmọbìnrin, tí wọ́n sọ ọ́ ní Màrdíyyàh, ló tó rántí fótò náà. Ó ní kí bàbá òun jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́, òun fẹ́ gbé e kọ́ síbi tí ọmọ ń sùn. Èmi àti Kábírù la jọ lọ sí Allen. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà níbẹ̀, Olúwadémiládé lorúkọ ẹ̀, ó ṣí i fún wa.

Mo rí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn rẹ̀, kedere. Mo rí ẹyinjú méjì, ihò imú, ìlà ẹnu. Gbogbo ìyókù funfun. Kò sí iwájú orí, kò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sí ibi tí ojú ti parí tí aṣọ ti bẹ̀rẹ̀. Ọnà tí mo ṣe kò sí níbẹ̀ rárá. Ó ṣí èkejì, ó ṣí ẹ̀kẹta, bákan náà ni wọ́n rí.

Kábírù kò tilẹ̀ mikàn. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ló pọ̀ díẹ̀, kí ọmọ náà fà á wálẹ̀. Ọmọ náà fà á wálẹ̀. Funfun náà di àwọ̀ eérú, eérú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, láìsí nǹkan kan lórí rẹ̀. Kábírù ní kó tún fà á. Ó tún fà á, eérú náà ṣókùnkùn sí i, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ síbẹ̀.

"Bàbá, kò sí nǹkan níbẹ̀," ni Démiládé wí, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́.

"Ó wà níbẹ̀," Kábírù dá a lóhùn. "Sùúrù lẹ ò ní."

Ọmọ náà rò pé òun ń ràn wá lọ́wọ́, ó ní kọ̀ǹpútà lè fúnra ẹ̀ fi ojú dí ibi tó ṣófo yẹn, ojú tó máa jọ ti èèyàn gan-an, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Kábírù bi í pé ojú ta ni. A jáde níbẹ̀.

Gbogbo ilé fótò tó wà láti Allen dé Oregun la dé. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Kábírù wá ní àwọn ọmọdé ni wọ́n, wọn ò fọ fíìmù rí, wọn ò mọ bí ojú ṣe ń sá pamọ́. Ó ní òun máa gbé kámẹ́rà tuntun yìí wọ̀n pẹ̀lú ti fíìmù, ìmọ́lẹ̀ kan náà fún méjèèjì, òun á sì mọ ibi tó ń kó ìmọ́lẹ̀ tó bá pọ̀ jù sí. Bí òun bá ti mọ ibẹ̀, òun á mú Sàídátù jáde.

Bó ṣe wá yá igbá mi nìyẹn. Igbá fífín ni, mo gbé e wá láti Ọ̀yọ́ nígbà tí mo ń bọ̀ l'Ékòó, ìlà ara rẹ̀ tín-ín-rín bí irun orí. Ó tóbi tó orí èèyàn, ó pọ́n, ó sì ń dán. N kò mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Nígbà tí mo jáde, mo bá igbá náà lórí àga Sàídátù, nínú àgbàlá, híjáàbù funfun tí mo rán ló wọ̀.

Orí mi gbóná. Mo bi í bóyá ó fẹ́ sọ igbá di ìyàwó ni, bóyá kò mọ̀ pé òkú ní ọ̀wọ̀. Mo sọ èyí tó burú ju ìyẹn lọ pẹ̀lú. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ rẹ̀ ló sún mọ́ tiẹ̀ jù," ló wí. "Ìlà ara igbá àti ewé tí ẹ rán ni màá fi mọ̀. Ibi tí ìlà bá ṣì ti hàn, ojú ń bẹ níbẹ̀."

Mo dúró tì í. Ó gbé èédú dúdú kan sí ẹsẹ̀ àga náà, kó lè mọ ti òkùnkùn pẹ̀lú. Ó yọ fíìmù tó kẹ́yìn nínú fíríìjì, ó kì í sínú kámẹ́rà àtijọ́, ó gbé kámẹ́rà méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìmọ́lẹ̀ tí kò tó nǹkan, ó ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì títí ó fi dé ìmọ́lẹ̀ tí kò sí ayàwòrán tí orí rẹ̀ pé tó máa lò ó. Bó bá ti fún fíìmù ní tiẹ̀, á fún kámẹ́rà tuntun ní irú rẹ̀ gan-an. Àwọn aládùúgbò ń kọjá, wọ́n ń wo igbá tó wọ híjáàbù, wọ́n ń mú ọmọ wọn lọ́wọ́.

Ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Joseph ni fíìmù náà lọ, ará Èkìtì kan tó ń gbé Ìlúpéjú. Iṣẹ́ fíìmù fífọ̀ ló ti ṣe láti ìgbà èwe, ó sì ṣì ń rí ṣe níbẹ̀, torí àwọn ọmọ ológe ìsinsìnyí tún ti ń wá fíìmù bí ẹni ń wá aṣọ òkè ìyá àgbà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé fótò fíìmù náà wá. Kábírù ti lọ tẹ ti kámẹ́rà tuntun jáde lọ́dọ̀ Démiládé ní Allen. Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni wọ́n tò wọ́n sí, ti fíìmù lókè, ti tuntun nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú mi rí. Ní ìwọ̀n tó yẹ, àwọn méjèèjì dára, torí fíríìjì kò jẹ́ kí ooru jẹ fíìmù yẹn. Ní ìlọ́po méjì, ti tuntun ti ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ dákú, ewé mi ti ń parẹ́. Ní ìlọ́po mẹ́rin, ìwọ̀n tí ọwọ́ Kábírù fún Sàídátù, igbá náà ti di ihò funfun. Mo wá wo ti fíìmù lókè rẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin kan náà. Gbogbo ewé ló pé. Mo rí ibi tí mo ti tún òwú dì. Ìlà igbá pé. Mo wo ìlọ́po mẹ́jọ, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ní ọwọ́ òsì, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kéré jù, ọ̀rọ̀ yí padà. Fíìmù fọ́jú síbẹ̀, èédú ti di òkùnkùn lásán, ṣùgbọ́n ti tuntun, tí Démiládé fi ìmọ́lẹ̀ kún lórí kọ̀ǹpútà, fi gbogbo rẹ̀ hàn, títí dé ibi tí èédú náà ti sán.

Joseph kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí Kábírù dákun, ó tó báyìí. Kábírù fi ìka lé orí ihò funfun náà.

"Àìtó ni kámẹ́rà yìí máa ń dárí ẹ̀ jini," ló wí. "Kì í dárí àpọ̀jù ji ẹnikẹ́ni. Ká ní mo ṣahun ni, Joseph. Ká ní mo ṣahun ìmọ́lẹ̀ sí i, ì bá wà níbẹ̀."

Ó jókòó sórí aṣọ oníbàárà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, n kò lé e. Àwọn ọmọ Allen ti sọ fún un, kò gbà, torí wọn ò mọ fíìmù. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló wá fi wọ̀n ọ́n, ẹlẹ́rìí wo ló tún kù tó máa pè? Láti ọjọ́ yẹn kò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́ pé kó fà á wálẹ̀. Ó tẹ ọ̀kan nínú fótò mẹ́ta náà jáde ní ńlá, ó gbé e kọ́ sí sítúdíò, ó ń jókòó síwájú rẹ̀ láti àárọ̀. Bí oní-páásípọ́ọ̀tù bá wọlé, á ní iná kò sí. Mo ti bá a jà, mo ti bẹ̀ ẹ́, Kaothar ti wá láti Ìbàdàn wá sunkún sí i lẹ́sẹ̀ kó gbé nǹkan yẹn kúrò lára ògiri. Kò gbé e kúrò.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná ló wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ti rù. Ó ní òun fẹ́ bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan, kí n má bínú.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá dijú, ṣé ẹ ṣì ń rí i? Fótò yẹn ti jẹ èyí tó wà lọ́kàn mi tán. Bí mo bá ti dijú, funfun ni mò ń rí. Ẹ bá mi sọ bó ṣe rí, kí n lè sọ ọ́ fún Màrdíyyàh."

Mo ní, họ́wù, mò ń rí i dáadáa. Mo ní kó jẹ́ kí n parí apá aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ, màá wá bá a níbẹ̀, màá sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni tí wọ́n fún lómi. Mo gbọ́ nígbà tó wọlé, tó fa àga, tó jókòó.

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, mo dijú. Mo rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ń bò ó. Mo rí omi tí mo bù sí i, ọwọ́ mi rántí bí awọ rẹ̀ ṣe tutù. Mo rí ewé funfun tí mo rán, mo tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi yí i ká. Mo wá wo àárín rẹ̀. Mo tún un wò. Funfun ni.

Kábírù kan ògiri lódìkejì, ó ní ṣé mo ti parí apá aṣọ náà.